Tábìlì Màmá Kì Í Ṣe Ojú Ọ̀run

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Bí ẹ bá ń lọ síbì kan, ẹ dúró díẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń wá ẹni tí n ó sọ ọ́ fún, bí mi ò bá sì sọ ọ́, àfàìmọ̀ kó má bẹ́ mi níkùn. Ọ̀rọ̀ tábìlì kan ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní tábìlì, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ọmọ àdúgbò rẹ̀ ń pè ní Eléèdú. Kì í ta èédú o. Íńkì ni kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, láti èékánná títí dé ìgúnpá, débi pé ẹni tó bá bá a bọwọ́ ní láti wá omi àti ọṣẹ lọ. Iṣẹ́ àwòrán ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kó sínú ìfẹ́ pépà àti íńkì, tó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó jẹ́ ìwé-ẹ̀rí àti rìsíìtì nìkan ni aráyé kà sí ohun tó yẹ ní títẹ̀. Ló bá lọ yá sálúbàtà àtijọ́ kan lọ́wọ́ ìyá tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó fi íńkì pa ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà funfun, ó ṣí i.

Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ìrìn ìyá yẹn ló hàn síbẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ lọ pátápátá, ti òsì sì wà bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Àṣé bí mo ṣe ń rìn nìyí? Abájọ tí ìbàdí ò fi jẹ́ n gbádùn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn sálúbàtà ó kan ìdí ìkòkò, lẹ́yìn ìkòkò ó kan pátákó tí àwọn èèyàn fi ń gé àlùbọ́sà. Ohun tí ojú gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í wò ni tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló sì fi de ara rẹ̀: ohunkóhun tó bá fẹ́ tẹ̀, ogún ni yóò tẹ̀. Yóò fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀, ìkínní nínú ogún, ìkejì nínú ogún, títí yóò fi pé, yóò sì fọwọ́ sí i. Kò tún ní tẹ irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tó àtẹ̀ gan-an, ìyẹn àwòrán orí pépà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, yóò fi àwòrán kan náà ṣe àpò, ìborùn àti kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń mu tíì. Àpò lè pọ̀ bí eṣú, kò burú. Àmọ́ àtẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ogún lọ. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jẹ́ ẹ fún ju ara rẹ̀ lọ.

Ó wá kan tábìlì.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Yàrá kan tó dojú kọ títì ni ṣọ́ọ̀bù wọn, tábìlì tí Màmá ti ń gé aṣọ ló sì gba ìdajì rẹ̀. Abẹ́ tábìlì yẹn ni Eléèdú ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá, abẹ́ rẹ̀ ló ti kàwé, abẹ́ rẹ̀ náà ló sá sí lọ́jọ́ tó fi sísọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀ fá iwájú orí ara rẹ̀. Abẹ́ ló mọ̀. Orí tábìlì kò hàn sẹ́ni kankan, torí bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan ló máa ń bò ó nígbàkígbà tí Màmá ò bá gé aṣọ, kó má bàa di pé oníbàárà ń rí bí ojú pákó ṣe rí wúruwùru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá fọ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó sá a síta. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó sùn sórí pákó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eléèdú tó fẹ́ gbé tíì ka ibẹ̀ dúró gbagidi. Ihò wínníwínní ló kún orí tábìlì, bí ìgbà tí kòkòrò rìn lórí iyanrìn. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n yípo, wọ́n gé ara wọn kọjá. Kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí àwọn aránṣọ fi ń sàmì sára aṣọ ló ṣe é. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá ti yí kẹ̀kẹ́ yẹn lórí aṣọ, eyín rẹ̀ a gba inú aṣọ kọjá, a sì bu pákó jẹ díẹ̀. Gbogbo ẹ̀wù tó ti gé látìgbà tó ti wà lọ́mọge ló wà níbẹ̀.

"Màmá, ọrùn ta rèé?" Eléèdú fi ìka tọ ìlà kan tó yí bí òṣùpá.

"Ṣé mo wá mọ̀? Ọrùn gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ti kú, ẹlòmíì ti sanra."

Ara Eléèdú bù máṣọ. (Tèmi náà bù máṣọ nígbà tí mo gbọ́ ọ!) Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dáwọ́ gígé aṣọ dúró títí òun yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán, torí bí ẹ̀wù kan ṣoṣo bá tún gorí rẹ̀, àwòrán ti yí padà nìyẹn, ogún náà kò ní jọra mọ́. Màmá gbà. Àwọn oníbàárà ni kò gbà. Ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ṣé nítorí pé ọmọ yín ń fi íńkì ṣeré ni n ó ṣe lọ síbi iṣẹ́ níhòòhò?"

Màmá ní, "Wọ èyí tó o wọ̀ lánàá. Ó ṣì mọ́."

Eléèdú fi róólà rọ́bà yí íńkì dúdú sí gbogbo ojú pákó, ó tẹ́ pépà lé e, ó sì ń fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó ṣí i, ilẹ̀ dúdú kirimu, ihò kéékèèké wọ̀nyẹn sì funfun gbòò nínú rẹ̀. Ó pè é ní "Gbogbo Wa Lórí Tábìlì Kan". Ká sòótọ́, ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wò lè rò pé ojú ọ̀run lálẹ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Ọkùnrin kan ní ilé ìtajà àwòrán ní àárín ìlú, ilé onígíláàsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú rẹ̀ débi pé òtútù á ki ẹ kí onílé tó kí ẹ. Ẹnudùn ni wọ́n ń pè é, torí ẹnu tó dùn-ún ròfọ́ ni tirẹ̀. Òun nìkan ló gba ọjà Eléèdú nígbà tí gbogbo àwọn yòókù lé e. Inú Màmá dùn ju ti ọmọ lọ. Kò sí oníbàárà tí kò gbọ́ pé ọmọ òun ti wà ní ilé onígíláàsì.

Lọ́jọ́ tí Eléèdú gbé àpò tuntun lọ, ó rí káàdì tí wọ́n fi lé ẹ̀gbẹ́ àwọn nǹkan rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: "Ojú Ọ̀run Lálẹ́: Ìràwọ̀ Láti Ọwọ́ Ayàwòrán."

Ó kà á. Ó tún un kà.

"Ọ̀gá, kí lẹ kọ síbí?"

"Àbúrò mi, ọjà ni mo kọ síbẹ̀." Ẹnudùn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó sì ń lọ wìtìwìtì. O yẹ kó o dúpẹ́."

"Tábìlì ìyá mi nìyí."

"Èmi àti ìwọ la mọ̀. Ta ló fẹ́ gbé tábìlì ìyá ẹnìkan kọ́ èjìká? Tábìlì kì í tà. Ìràwọ̀ ń tà."

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni!"

"Irọ́ kẹ̀? Ẹni tó rà á rí ìràwọ̀. Ṣé kí n yọ ojú ẹ̀ ni?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ ká sọ ti gidi. Àtẹ̀ ogún yẹn ti tán. Tẹ ogún mìíì fún mi."

"Ogún ni mo ní n ó tẹ̀."

"Ta ló ń kà á?"

"Èmi."

Ẹ bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́! Obìnrin kan fi ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣọ fún odindi àdúgbò, ọmọ rẹ̀ wá ọ̀nà tí iṣẹ́ yẹn kò fi ní pòórá, ẹnìkan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ sì dìde, ó ní ìràwọ̀ ni. Kí ló ṣe tábìlì? Kí ló ń tì wá lójú nínú tábìlì?

Eléèdú sọ fún un pé bí káàdì yẹn kò bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun yóò kó ẹrù òun.

"Kó o kó o lọ síbo?" ni Ẹnudùn bi í. Kò síbi tí Eléèdú ń lọ lóòótọ́. Ó délé, kò sọ nǹkan kan fún Màmá. Báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ti di ẹni ńlá!

Ohun tí Eléèdú kò mọ̀ ni pé Olótẹ́ẹ̀lì kan, obìnrin tó ń gbé ọ̀kan nínú àwọn àpò náà káàkiri, ti bá Ẹnudùn sọ ọ́ pé òun fẹ́ àtẹ̀ ojú ọ̀run yẹn sí gbogbo yàrá òtẹ́ẹ̀lì òun. Ẹnudùn ti sọ pé kò le rárá. Ó wo nọ́ńbà tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù Màmá, ó pè é lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá wo tábìlì yín lọ́la. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀ o."

Màmá gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wo tábìlì. Àlejò pàtàkì? Láti ilé onígíláàsì? Wọ́n fẹ́ wá bá pákó dúdú jágbajàgba yìí, kí wọ́n padà lọ máa sọ pé inú ìdọ̀tí ni wọ́n ti tọ́ ọmọ òun dàgbà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ló bá ní kí wọ́n lọ pe Káfíńtà.

Lọ́jọ́ kejì, láti ìta ni Eléèdú ti ń gbọ́ òórùn fáníìṣì. Ó rò pé ilé aládùúgbò ni. Nígbà tó máa wọlé, Màmá dúró ti tábìlì bí ìyàwó tuntun, tábìlì sì ń dán gbinrin.

"Wò ó! Ṣé o ń rí ojú ara ẹ nínú ẹ̀? Káfíńtà fi ìfági fá a, ó fi sáńpépà ha á, ó fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní pákó ọ̀hún ò ní kòkòrò kankan."

Eléèdú gbé ọwọ́ lé e. Ó ń yọ̀ bí awo. Kò sí ọrùn, kò sí ihò apá, kò sí ìdí ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?"

"Àlejò ń bọ̀ wá wo tábìlì. Ọ̀gá yín ló pè mí."

"Àmì yẹn ni wọ́n fẹ́ wá wò! Àmì yẹn, Màmá!"

"Ìdọ̀tí yẹn?"

"Kì í ṣe ìdọ̀tí!"

"Ìwọ ọmọ yìí, má pariwo mọ́ mi." Ojú Màmá ti yí padà. "O ní kí n má gé aṣọ, mo dáwọ́ dúró. O da íńkì sí i, mi ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé o ti tẹ̀ ẹ́ tán ni. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí la tún fẹ́ fi ẹ̀ ṣe? Ṣé o jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, kó o sọ fún mi pé ohun tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò torí ìtìjú, òun lo fi ń yangàn níta?"

Eléèdú yọ ọwọ́ kúrò lórí pákó náà. Òótọ́ ni, kò jókòó tì í rí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí mọ́tò fi dúró. Màmá yára ta aṣọ tuntun bo tábìlì, ó kí wọn káàbọ̀, ó fi àga fún wọn. Ẹnudùn wọlé pẹ̀lú òórùn lọ́fíńdà, ó ká pépà gbọọrọ kan há abíyá. Olótẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e, àpò Eléèdú sì wà léjìká rẹ̀.

"Màdáámù, ayàwòrán wa rèé, ìyá ìràwọ̀!" Ẹnudùn nawọ́ sí Eléèdú. "Àbúrò mi, màdáámù fẹ́ ẹ sí gbogbo yàrá wọn. Mo ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Pépà náà rèé, mo ti gbé e wá."

"Mo ti sọ fún yín, Ọ̀gá. Ogún ni, ogún sì ti pé."

"Ẹ má dá a lóhùn, màdáámù, ó ń ṣàwàdà." Ó yí padà sí tábìlì. "Ohun tí à ń lò ò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹ wò ó." Ló bá fa aṣọ náà kúrò fọọ.

Ẹnudùn tẹ̀ba, ó wo pákó náà láti ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ nù ún, ó fi èékánná ha á. Lẹ́yìn náà ló figbe ta.

"Ta ló fá a? Ta ló fá tábìlì yìí? Àmì kẹ̀kẹ́ dà? Ọrùn ẹ̀wù dà? Gbogbo ihò tí kẹ̀kẹ́ aránṣọ lu dà? Ìyá àgbà yìí, ẹ ti pa mí! Kí la máa fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ọrùn ẹ̀wù wo?" ni Olótẹ́ẹ̀lì béèrè.

Ẹnudùn pa ẹnu dé. Ó ti pẹ́ jù. Ẹnu tó fi ń ta irọ́ lọ́jọ́ gbogbo, òun náà ló fi jẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lù ú.

"Mo ní ọrùn ẹ̀wù wo? Ẹ sọ fún mi pé ìràwọ̀ ni."

"Kì í ṣe ìràwọ̀, mà," Eléèdú dáhùn. "Mi ò ya ìràwọ̀ rí láyé mi. Tábìlì ìyá mi ló wà léjìká yín. Àmì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni. Mo ti ní kí wọ́n yí káàdì yẹn padà, wọn ò yí i. Ogún ni mo tẹ̀, wọ́n sì ti ta ju ogún lọ fún yín kí wọ́n tó bi mí."

"Ìràwọ̀?" Màmá dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ nìyẹn. "Ta ló ní ìràwọ̀ ni? Èmi tí mo tẹ̀ba lórí pákó yìí títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ láti nà mọ́, ẹ ní ìràwọ̀ ló ṣe é? Ìràwọ̀ kì í wọṣọ, ọ̀gbẹ́ni! Ìràwọ̀ kì í wá bá mi láàárọ̀ pé òun ti sanra, kí n bá òun tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù òun!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjà ni…"

"Ẹ lọ tà á fún ìràwọ̀!"

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé Olótẹ́ẹ̀lì fò mọ́ Màmá, tó sì sunkún ayọ̀. Rárá o. Ohun tó ṣe ni pé ó tú gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà sórí tábìlì tuntun: kọ́kọ́rọ́, ìyarun, hańkáṣíìfù, àti bisikíìtì tó ti rún. Ó na àpò òfìfo náà sí Ẹnudùn. "Gbogbo àlejò mi ni mo ti sọ fún pé ojú ọ̀run ni. Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́. Mi ò ra tábìlì lọ́wọ́ yín, ojú ọ̀run ni mo rà."

Màmá, tí inú ń bí lọ́wọ́, ṣì fún un ní láílọ́ọ̀nù kó fi kó ẹrù rẹ̀. Ìwà ò ṣeé fi sílẹ̀ ní kíá. Obìnrin náà kó o sí i, ó jáde, Ẹnudùn sáré tẹ̀lé e. Ó ju àpò náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pépà gbọọrọ yẹn náà jábọ́, kò bojú wẹ̀yìn mú wọn.

Eléèdú kò jókòó. Ó ká pépà náà, ó gbé e lọ sí àárín ìlú, ó gbé e lé orí káńtà Ẹnudùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀: àpò lára ìkọ́, kọ́ọ̀pù lórí pẹpẹ, ìborùn lọ́rùn ère obìnrin onírọ́bà. Gbogbo káàdì ìràwọ̀ ló fà ya. Ọmọbìnrin tó ń dúró ti ọjà bi í bóyá kí òun bá a wá páálí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeun. Títí ó fi jáde, kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ó padà bá Màmá nídìí tábìlì.

"Mo bà á jẹ́ fún ẹ," ni Màmá sọ.

"Màmá, ẹ gbọ́. Bí ayàwòrán bá ti tẹ iye tó fẹ́ tẹ̀ tán, ó yẹ kó ba ohun tó fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fi tẹ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn lè ṣe é. Tábìlì yín ni. Ọwọ́ mi ò lè gbé e." Ó fi ọwọ́ nù ún. "Ẹ ti bá mi ṣe é. Kò sẹ́ni tó tún lè tẹ ìkọkànlélógún láéláé."

Màmá rò ó wò. "Bí Káfíńtà bá gbọ́, á ní iṣẹ́ méjì lòun ṣe, ká sanwó méjì."

Ẹ̀rín pa wọ́n, irú ẹ̀rín tó ń jáde lẹ́yìn ìbínú, tí kò jìnnà sí ẹkún. Ni Màmá bá fa okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Dìde dúró."

"Fún kí ni?"

"Ọmọ aránṣọ, ẹ̀wù kan ṣoṣo lo máa ń wọ̀, íńkì ti jẹ ẹ́ tán. Na ọwọ́ ẹ. Nà án dáadáa, àbí wọ́n so ó mọ́ ọ lára ni?"

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì tuntun, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó mú kẹ̀kẹ́ eléyín. Krí, krí, krí. Nígbà tó gbé aṣọ náà kúrò, ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo dídán yẹn, ó yí bí òṣùpá. Eléèdú kò béèrè ọrùn ẹni tó jẹ́.

Nísinsìnyí, lórí ìṣó lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Màmá ni àwọn àpò rẹ̀ wà, káàdì rẹ̀ sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: "Gbogbo Wa Lórí Tábìlì Kan." Ọjà kì í lọ wìtìwìtì. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò lọ rárá, inú sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí ìràwọ̀ irọ́ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n àpò tí Olótẹ́ẹ̀lì dá padà, tí Ẹnudùn jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wà lórí ìṣó tó ga jù, kì í sì í ṣe títà.

Ẹ má tìtorí tèmi gbà á gbọ́ o. Ẹ dìde, ẹ lọ bá aránṣọ tó wà nítòsí yín. Ẹ kí i dáadáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí ohun tó fi bo tábìlì rẹ̀, bó bá sì ní ó dọ̀tí, ẹ sọ fún un pé ìdọ̀tí yẹn gan-an lẹ bá wá. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e. Bóyá ọrùn tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó, kí Káfíńtà tó dé.